Kúbùsù alábùlẹ̀ fún ọmọ tuntun: Bẹ́ ẹ ṣe lè fi ègé aṣọ ṣe àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́, àti ìdí tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ dà á bo ìkókó

Tí ọmọ tuntun bá dé sí àdúgbò, ẹ̀bùn tó máa ń kún inú ilé ò ju oríṣi mélòó kan lọ: páḿpásì, ọṣẹ, páúdà, aṣọ péńpé, àti kúbùsù onírun tí wọ́n rà lọ́jà. Púpọ̀ nínú kúbùsù onírun yìí, ìlú olótùútù ni wọ́n ṣe é fún. Ní Oniru níbí àti káàkiri ọ̀nà Lekki, níbi tí ooru kì í ti í fẹ́ lọ, tí iná sì lè lọ láàárín òru, ńṣe ni ọmọ á kàn máa làágùn lábẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀bùn kan wà téèyàn lè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nílé, tí kò sì ní náni lówó púpọ̀. Òun ni kúbùsù alábùlẹ̀, èyí táwọn òyìnbó ń pè ní quilt. Ègé aṣọ, abẹ́rẹ́, òwú àti sùúrù ló fẹ́. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tẹ́ ẹ máa ń ka ìròyìn wa lórí ìkànnì yìí, a fẹ́ bá yín ṣàlàyé bẹ́ ẹ ṣe lè rán an, bẹ́ ẹ ṣe lè fi ṣe àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ tí ọmọ bá wáyé, àti bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ lò ó kí ẹ̀bùn má baà di ewu. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ la sì ti máa bẹ̀rẹ̀.

Abẹ́ ọmọ ni, kì í ṣe orí ọmọ

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, tún ìlànà wọn lórí oorun ìkókó gbé jáde lọ́dún 2022. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún kan, ẹ̀yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi lélẹ̀ tó bá fẹ́ sùn, lórí ibùsùn tó le dáadáa tó sì tẹ́jú. Kò gbọdọ̀ sí pílò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí kúbùsù, ìbáà ṣe alábùlẹ̀ tàbí onírun. Kò sì gbọdọ̀ sí ọmọláńgidi rírọ̀ níbẹ̀. Lullaby Trust, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà ń sọ fáwọn òbí pé kò gbọdọ̀ sí pílò, kúbùsù alábùlẹ̀ tàbí ọmọláńgidi rírọ̀ níbi tí ìkókó ń sùn.

Kí ló dé? Ìkókó ò lè fọwọ́ gbá aṣọ kúrò lójú ara ẹ̀. Tí aṣọ tó nípọn bá bo imú ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ti mí jáde náà lá tún máa mí sínú, á sì máa gbẹ́mìí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí ariwo. Ooru tó pọ̀ jù lára ọmọ náà wà lára ohun táwọn dókítà kà mọ́ èyí tó ń dá kún ikú òjijì tó máa ń pa ọmọ lójú oorun. Ẹ fi ìyẹn kún ooru Èkó tiwa níbí, ẹ ó rí i pé kò sídìí tó fi yẹ ká máa ká ọmọ mọ́nú kúbùsù lóru.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè di àríyànjiyàn nínú ilé. Ìyá àgbà tó wá wẹ ọmọ á sọ pé òtútù á mú un. Kò yẹ kó dìjà. Ẹ lè fi pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká wọ aṣọ tó bo ẹsẹ̀ fún un, ká wọ ibọ̀sẹ̀ kún un tí òjò bá ń rọ̀, ká wá gbé kúbùsù yìí pa mọ́ di àárọ̀." Tí wọn ò bá tíì gbà, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì bá yín dá sí i lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Kí wá ni ìwúlò kúbùsù yìí fún ìkókó? Ìgbà tí ọmọ bá jí ni. Tí ojú ẹ̀ bá dá, tí àgbàlagbà sì jókòó tì í, ẹ tẹ́ kúbùsù yìí sórí ilẹ̀, kẹ́ ẹ fi ikùn ọmọ lélẹ̀ lórí ẹ̀. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà yẹn ní kẹ́ ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, látìgbà tọ́mọ bá ti dé láti ọsibítù. Ó máa ń jẹ́ kí ọrùn àti èjìká ọmọ le. Táìsì lásán le jù, bẹ́ẹ̀dì sì rọ̀ jù, àmọ́ kúbùsù alábùlẹ̀ tó fẹ́lẹ́ dára fún un gan-an. Àwọ̀ oríṣiríṣi tó wà lára ẹ̀ náà á máa fa ojú ọmọ mọ́ra. Tó bá ti pé ọdún kan, ó wá lè fi bora.

Kí ni kúbùsù alábùlẹ̀ gan-an?

Ìpele mẹ́ta ló ní. Tòkè ni ègé aṣọ tẹ́ ẹ rán pọ̀, ibẹ̀ ni ẹwà wà. Tàárín ni ohun tó ń jẹ́ kó nípọn díẹ̀. Tìsàlẹ̀ ni aṣọ kan ṣoṣo tó tẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ ó wá fi abẹ́rẹ́ rán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, láti òkè dé ìsàlẹ̀, káàkiri ara ẹ̀. Rírán kọjá yìí ló ń sọ ọ́ di ohun kan ṣoṣo. Tí ò bá sí i, aṣọ àárín á máa rìn, á sì lọ kó jọ síbì kan tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́.

Nílùú olótùútù, òwú tó nípọn ni wọ́n ń kì sáàárín. Níbí, ẹ má wulẹ̀ wá òwú kankan. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àtijọ́ tí òwú ẹ̀ ti rọ̀, tàbí ìró ìyá yín tó ti gbó ṣùgbọ́n tí kò tíì ya, ti tó. Á fẹ́lẹ́, atẹ́gùn á máa gba inú ẹ̀ kọjá, á sì tètè gbẹ lórí okùn.

Ṣé nǹkan òyìnbó ni?

Ẹlòmíì lè máa wò ó pé nǹkan òyìnbó lásán nìyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún: ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé aṣọ oríṣiríṣi ni wọ́n rán mọ́ra, ìpele lórí ìpele, tí ìdílé sì máa ń fi aṣọ tuntun kún un bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ẹ wo aṣọ òkè: tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún n'Ísẹ́yìn, kí wọ́n tó rán an pọ̀ kó di ìró tàbí agbádá.

Lókè Ọya, àwọn Hausa ní ohun tí wọ́n ń pè ní lifidi, aṣọ ìhámọ́ra tí wọ́n ń wọ̀ fún ẹṣin ogun láyé àtijọ́. Wọ́n á kó òwú igi àràbà sáàárín aṣọ méjì, wọ́n á wá rán an kọjá káàkiri kí òwú má baà kó jọ síbì kan. Ìpele mẹ́ta tá a sọ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Wọ́n ṣì máa ń gbé e wọ̀ fún ẹṣin níbi ayẹyẹ Durbar títí dòní.

Tá a bá sọdá ẹnubodè sí orílẹ̀-èdè Benin, àwọn oníṣẹ́ ọnà ààfin Abomey, tí ìdílé Yemadje wà lára wọn, máa ń gé àwòrán ẹranko àti èèyàn láti ara aṣọ, wọ́n á rán an mọ́ aṣọ ńlá, wọ́n á sì fi sọ ìtàn ọba. Kìnnìún, fún àpẹẹrẹ, Ọba Glele ló dúró fún.

Àwọn onímọ̀ kan wo irú iṣẹ́ Abomey yìí, wọ́n sì rí ohun tó jọ ọ́ lọ́wọ́ obìnrin kan tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Georgia, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1837. Harriet Powers lorúkọ ẹ̀. Méjì nínú kúbùsù tó rán ṣì wà dòní: ọ̀kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington, èkejì wà ní Museum of Fine Arts ní Boston. Ẹ̀kejì yẹn ló kàn wá jù nínú ọ̀rọ̀ tòní. Ègé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Bó ṣe rán ìtàn Bíbélì sí i, bẹ́ẹ̀ ló rán ojú ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú sánmà sí i: ọjọ́ tí ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án gangan lóṣù karùn-ún ọdún 1780, òru tí ìràwọ̀ ń já bọ́ bí òjò lóṣù kọkànlá ọdún 1833, àti òtútù tó pa èèyàn àti ẹran lóṣù kejì ọdún 1895. Méjì àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí i, ẹnu àwọn àgbà ló ti gbọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló fi ṣe àkọsílẹ̀ ẹ̀.

Ojú ọjọ́ tiwa, àwọ̀ tiwa

L'Amẹ́ríkà àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, àwọn tó ń rán kúbùsù máa ń fi ègé kan dúró fún ọjọ́ kan, àwọ̀ kan fún ìwọ̀n ooru kan. Tí ọdún bá pé, ègé 365 á ti pé, ẹ ó sì rí bí òtútù ṣe di ooru tí ooru tún ṣe di òtútù. Ó dáa fún wọn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ l'Oniru, kò ní rí bí ẹ ṣe rò. Ooru ọ̀sán wa kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà: lọ́pọ̀ ọjọ́, láàárín 28 sí 33 lórí ìwọ̀n Celsius ló máa ń wà, yálà oṣù kejì ni o tàbí oṣù kẹjọ. Gbogbo kúbùsù á kàn fẹ́ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ kan náà.

Ohun tó ń yí padà níbí ni òjò, oòrùn àti ọyẹ́. Òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ bí oṣù kẹrin, á le jù lóṣù kẹfà, á wá sinmi díẹ̀ lóṣù kẹjọ. Á tún padà lóṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ọ̀gbẹlẹ̀ á wá dé, ọyẹ́ á sì tẹ̀ lé e ní ìparí ọdún. Yorùbá kúkú ti ń kíyè sí èyí tipẹ́. Ọmọ tó bá òjò wáyé, ṣebí Béjídé là ń pè é? Kúbùsù yìí kàn tún ń sọ irú ìtàn kan náà ni.

Àbá tiwa rèé: ẹ ṣe kúbùsù ogójì ọjọ́. Ègé ogójì, ìlà márùn-ún, ègé mẹ́jọ nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ègé kìíní ni ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ. Ègé kẹjọ, tó parí ìlà àkọ́kọ́, ni ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ègé ogójì ni ọjọ́ ogójì, tí ọ̀pọ̀ ìyá máa ń gbé ọmọ jáde lọ dúpẹ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀bùn yìí kì í fi í bá tàwọn yòókù dé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀yìn ogójì ọjọ́ ló ń dé, nígbà táwọn àlejò ti lọ tán, tó ti ku ìyá àti ọmọ nínú ilé.

Ẹ mú ìwé kékeré kan tàbí fóònù yín, kẹ́ ẹ máa kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí lójoojúmọ́. Tí ẹ ò bá sí nítòsí, bóyá London lẹ wà tí ọmọ wà l'Oniru, ẹ ní kí bàbá ọmọ máa fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwọ̀ tẹ́ ẹ lè lò nìyí:

Oòrùn gangan: àwọ̀ yẹ́lò tàbí ọsàn.
Ojú ọjọ́ tó ṣú ṣùgbọ́n tí òjò ò rọ̀: àwọ̀ eérú.
Òjò wẹliwẹli: búlúù tó mọ́lẹ̀ díẹ̀.
Òjò ńlá: àdìrẹ tí aró ẹ̀ dúdú dáadáa.
Òjò òun ààrá: àdìrẹ dúdú náà, àmọ́ kẹ́ ẹ fi òwú funfun rán mànàmáná sára ẹ̀.
Ọyẹ́: àwọ̀ erùpẹ̀ tàbí àwọ̀ tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí.

Ọmọ tí wọ́n bí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, aró ni kúbùsù ẹ̀ á fi kún. Èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn Kérésìmesì, yẹ́lò àti àwọ̀ erùpẹ̀ ni. Ọmọ méjì nínú ilé kan náà lè má ní kúbùsù tó jọra láéláé, kì í sì í ṣe pé ẹ jókòó ronú ọnà tuntun. Bí ojú ọjọ́ bá ṣe rí lẹ ó ṣe rán an.

Tó bá jẹ́ òru ni wọ́n bí ọmọ, ẹ lè fi àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Òṣùbàmbà ṣe ègé àkọ́kọ́. Òbìrí ńlá kan ló máa ń wà láàárín ẹ̀ tí kéékèèké yí i ká, bí òṣùpá láàárín ìràwọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí oríṣiríṣi àdìrẹ kẹ́ ẹ tó rà, ilé iṣẹ́ ọnà Nike Art Gallery tí Olóyè Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ ò jìnnà sí Oniru. Ọ̀nà Lekki yìí náà ló wà.

Aṣọ wo lẹ máa lò?

Òwú gidi ni o. Ànkárá olówùú, àdìrẹ, ṣáàtì àtijọ́ àti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì dáa. Léèsì, sátíìnì àti aṣọ tó ní òkúta dídán ò dáa fún ọmọ. Tí aṣọ kan bá rú yín lójú, ẹ fa fọ́nrán òwú kan yọ lára ẹ̀, kẹ́ ẹ tiná bọ̀ ọ́ lórí bàsíà tí omi wà nínú ẹ̀, níbi tó jìnnà sí ọmọ. Òwú gidi máa ń jó bíi bébà, á sì di eérú rírọ̀. Aṣọ onírọ́bà á yọ́, á ká jọ, á sì di kókó líle. Irú ìyẹn máa ń mú ooru, kì í sì í fa òógùn.

Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá lọ sí Balógun tàbí Tèjúoṣó. Ẹ lọ bá télọ̀ yín ládùúgbò, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó ègé aṣọ tó bá ṣẹ́kù sínú ọ̀rá yìí." Inú ìdọ̀tí ló pọ̀ jù nínú ẹ̀ ń lọ tẹ́lẹ̀. Èyí tí ò bá dénú ọkọ̀ akólẹ̀, gọ́tà ló ń bọ́ sí. Ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí gọ́tà tó dí máa ń ṣe fún wa lágbègbè Lekki tí òjò oṣù kẹfà bá dé.

Tó bá wá jẹ́ pé aṣọ tuntun lẹ fẹ́ rà, yáàdì kan ànkárá tó fẹ̀ tó íǹṣì 45 á fún yín ní ọgbọ̀n ègé tó jẹ́ íǹṣì méje-méje. Fún ìsàlẹ̀, yáàdì kan àtààbọ̀ ti tó.

Bẹ́ ẹ ṣe máa rán an

1. Ẹ kọ́kọ́ fọ gbogbo aṣọ, kẹ́ ẹ sá a, kẹ́ ẹ sì lọ̀ ọ́. Aṣọ tó bá máa sún kì á tètè ti sún. Ẹ dá àdìrẹ fọ̀ lọ́tọ̀, ẹ sì máa fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ á fi mọ́. Tí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, aró á kó ran ègé tó kù lọ́jọ́ kan.

2. Ẹ gé páálí tó jẹ́ íǹṣì méje sí méje. Òun lẹ ó máa gbé lé aṣọ, kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fà á, kẹ́ ẹ tó gé e. Gbogbo ègé gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú, ibẹ̀ náà sì ni kúbùsù ti ń wọ́.

3. Ẹ rán ègé mẹ́jọ pọ̀ ní gígùn, kẹ́ ẹ máa fi ààbọ̀ íǹṣì sílẹ̀ fún etí. Ègé tó jẹ́ íǹṣì méje á wá di mẹ́fà lójú. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe é bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ègé kan lójúmọ́ ni. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ọwọ́ lásán sì tó o, ìbáà ṣe pé kò síná.

4. Tí ìlà márùn-ún bá ti pé, ẹ lo áyọ́ọ̀nù sí etí ìránpọ̀ wọn: ìlà kan kó dojú kọ òkè, èyí tó tẹ̀ lé e kó dojú kọ ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá rán wọn pọ̀, oríta wọn ò ní ga bí òkè. Ohun tẹ́ ẹ máa ní á fẹ̀ tó nǹkan bí íǹṣì 30, á sì gùn tó 48.

5. Ẹ tẹ́ aṣọ ìsàlẹ̀ sílẹ̀, kí ojú ẹ̀ kọjú sílẹ̀. Ẹ tẹ́ tàárín lé e. Ẹ wá tẹ́ tòkè lé méjèèjì, kí ojú ẹ̀ kọjú sókè. Ẹ jẹ́ kí tàárín àti tìsàlẹ̀ fẹ̀ ju tòkè lọ: íǹṣì 34 sí 52. Ẹ fi òwú rán wọn mọ́ra gátagàta, láti àárín lọ sétí, kí wọ́n má baà yẹ̀.

6. Ẹ wá rán an kọjá. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé ojú ìránpọ̀ ègé kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó jọ òjò, ẹ rán an ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó jọ òkun tó wà nítòsí wa níbí, ẹ rán an bí ìgbì. Àárín ni kẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti etí bẹ̀rẹ̀, aṣọ á kó jọ sáàárín.

7. Ẹ tú òwú gátagàta yẹn, ẹ gé etí kó dọ́gba, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ bò ó. Láti ara aṣọ tó fẹ̀ tó íǹṣì 45, ẹ gé ọ̀já mẹ́rin tó fẹ̀ tó íǹṣì méjì àtààbọ̀, kẹ́ ẹ rán wọn pọ̀ di ọ̀kan gígùn. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kẹ́ ẹ rán an mọ́ etí lójú òkè, kẹ́ ẹ wá yí i sẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ rán an parí.

8. Ẹ ka píìnì. Iye tẹ́ ẹ bá mú jáde níbẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dá padà sínú agolo. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín tẹ gbogbo ara kúbùsù náà, iwájú àtẹ̀yìn. Píìnì kan ṣoṣo tó bá ṣẹ́kù sínú ẹ̀ lè gún ọmọ.

Ẹ má rán bọ́tìnnì, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ohunkóhun tó lè já sí i. Ohun tí ìkókó bá rí, ẹnu ló ń gbé e lọ. Ẹ sì gé gbogbo òwú tó bá ń rọ̀, torí ó lè ta kókó mọ́ ọmọ níka.

Káńfọ̀ ńkọ́?

Èyí náà gba ìkìlọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń fi káńfọ̀ sínú àpótí tá a kó aṣọ ọmọ sí, kí aáyán àti kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Naphthalene ló wà nínú ọ̀pọ̀ káńfọ̀ funfun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD ò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, irú wọn ò sì ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń mí òórùn káńfọ̀, tàbí tí wọ́n bá fi aṣọ tí òórùn ẹ̀ wà lára ẹ̀ wé e, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè máa bàjẹ́, ojú ẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì lè ba ọpọlọ ẹ̀ jẹ́ tàbí kó la ikú lọ. Kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe lè wo ọmọ lójú kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó wà lára wọn.

Nítorí náà, ẹ má fi káńfọ̀ sí kúbùsù yìí rárá. Ẹ fi ọṣẹ tí kò ní òórùn líle fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn, iwájú àtẹ̀yìn, kẹ́ ẹ wá ká a sínú àpò aṣọ olówùú. Lásìkò òjò, tí nǹkan máa ń tètè hu èbu lẹ́bàá òkun, ẹ má kó o pa mọ́ nígbà tí ó ṣì tutù. Tí ojú tàbí ara ìkókó bá sì ń pọ́n bí ìyeyè, ẹ má dá agbo, ẹ má gbé e sóòrùn, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Tó bá wu yín láti tà á

Àwọn kan á ka èyí, wọ́n á rí òwò nínú ẹ̀. Kò burú. Àmọ́ ẹ rántí Harriet Powers. Wọ́n wá ra kúbùsù àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kò tà á. Nígbà tó yá, tí nǹkan le fún un, ó sọ pé dọ́là mẹ́wàá, márùn-ún sì ni wọ́n fún un. Òun ló wà ní Smithsonian dòní.

Ní Gee's Bend, abúlé kan ní Alabama, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú máa ń fi aṣọ oko tó ti gbó rán kúbùsù nítorí òtútù. Lọ́dún 1966, àwọn obìnrin agbègbè náà bá wọn dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, Freedom Quilting Bee, kí wọ́n lè jọ máa tà á ní iye tó tọ́. Lọ́dún 2002, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Houston pàtẹ kúbùsù wọn. Nígbà tó di 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán ẹ̀ sórí sítáǹbù. Aṣọ gbígbó náà ni o.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ ka wákàtí yín, kì í ṣe owó òwú nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lówó àkísà, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀

Kẹ́ ẹ tó gbé e fún ìyá ọmọ, ẹ gé aṣọ funfun kékeré kan, kẹ́ ẹ rán an mọ́ igun kan lẹ́yìn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú kọ orúkọ ọmọ sí i, ọjọ́ tí wọ́n bí i, àti ibi tí wọ́n bí i sí. Ẹ kọ ohun tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí, kí ọmọ náà lè kà á fúnra ẹ̀ tó bá dàgbà, kó mọ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n sọ òun lórúkọ, òjò ló rọ̀ tàbí oòrùn ló ràn.

Lábẹ́ gbogbo ẹ̀, ẹ kọ ìlà kan sí i fún ẹnikẹ́ni tó bá máa bá wọn gbé ọmọ náà, ìyá àgbà ni o, ọmọ ọ̀dọ̀ ni o, àbí aládùúgbò: "Abẹ́ ọmọ ni, kì í ṣe orí ọmọ, títí á fi pé ọdún kan."